Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin oníkẹ́mísì wa l'Ékìtì, nítorí àwọn ọmọ tí ọyún ń kún inú àyà wọn

Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi tẹ́ ẹ ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísì káàkiri ìjọba ìbílẹ̀ 16 tá a ní l'Ékìtì,

Ẹ kú uṣẹ́ o, ẹ sì kú ọjà tó gbówó lórí yìí.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ni mo wà, ọmọ Èkìtì sì ni mí, mi ò ní dárúkọ ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣiṣẹ́ torí wọn ò rán mi níṣẹ́, ara mi ni mo rán. Ẹnì kan tí mo sọ fún pé mo fẹ́ kọ lẹ́tà yìí ní ṣebí kọmíṣánnà ìlera ló yẹ kí n kọ ọ́ sí. Mo ní rárá o. Bí ọmọ bá ń wúkọ́ tí ara ẹ̀ sì gbóná janjan l'Ómùò tàbí l'Ẹ́fọ̀n láago mẹ́sàn-án alẹ́, kì í ṣe ọ́fíìsì kọmíṣánnà ni ìyá ẹ̀ ń gbé e lọ, ọ̀dọ̀ yín ni. Ẹ̀yin lẹ mọ orúkọ ọmọ, ẹ mọ bàbá ẹ̀, ẹ mọ̀ pé owó oṣù ò tíì wọlé, ẹ sì máa ń tà á láwìn fún wọn. Ilé ìwòsàn wo ló ń tà láwìn? Torí náà mi ò wá bú yín, àwọn kan nínú yín ti gba ẹ̀mí là tí mo fojú ara mi rí i. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà tó ti ń dùn mí tipẹ́, mo fẹ́ sọ ọ́ tààrà: ọmọ tó bá ń mí gúlegúle, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ta àntíbáyọ́tíìkì ọlọ́jọ́ méjì fún ìyá ẹ̀ kẹ́ ẹ sì ní kó máa lọ sílé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan tá à ń rí ní wọ́ọ̀dù, bóyá á yé yín ìdí tí mo fi ń pariwo.

Ẹ̀dọ̀fóró wa, awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló bò ó. Awọ mìíràn tún wà tó tẹ́ sí abẹ́ egungun ìhà láti inú. Àárín awọ méjèèjì yìí, omi díẹ̀ báyìí ló wà ńbẹ̀, ìwọ̀nba tó máa jẹ́ kí wọ́n lè máa yọ̀ lára ara wọn tá a bá ń mí. Tí òtútù àyà bá wá mú ọmọ, ìyẹn nìmóníà, ibi tó wú nínú ẹ̀dọ̀fóró yẹn lè bẹ̀rẹ̀ sí í jo omi sí àárín awọ méjèèjì. Lákọ̀ọ́kọ́ omi náà mọ́ gaara, kòkòrò ò tíì ráyè wọ̀ ọ́. Tí wọ́n bá tọ́jú nìmóníà ọ̀hún dáadáa nígbà yẹn, ara ọmọ lè fa omi náà gbẹ fúnra ẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Tí wọn ò bá tọ́jú ẹ̀, tàbí tí wọ́n tọ́jú ẹ̀ láàbọ̀, kòkòrò á wọlé, omi á di ọyún, àwọn fọ́nrán kan á wá máa ta kọjá láti ẹ̀gbẹ́ kan sí ìkejì, wọ́n á pín ọyún náà sí yàrá-yàrá, débi pé téèyàn bá fi abẹ́rẹ́ fa ti yàrá kan, ti ìkejì ṣì wà níbẹ̀. Tó bá tún pẹ́ sí i, awọ líle kan á bo ẹ̀dọ̀fóró náà mọ́lẹ̀, kò ní lè fẹ̀ mọ́. Láti omi lásán dé ọyún, ọjọ́ díẹ̀ ló ń gbà. Ẹ wá rí i pé ọjọ́ méjì níbí, ọjọ́ mẹ́ta lọ́hùn-ún, kì í ṣe nǹkan kékeré lára ọmọ yẹn.

Ẹ dákun, ta nínú yín ló ń fi kápúsù wo eéwo tó ti gbó? A ó tẹ̀ ẹ́ kí ọyún ẹ̀ jáde ni. Ọyún inú àyà náà nìyẹn, ó kàn jẹ́ pé kì í sábà ríbi bẹ́ sí. Oògùn tá a bá gbé mì tàbí tá a gún, ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé e kiri, ẹ̀jẹ̀ ò sì sí nínú ọyún, ìwọ̀nba oògùn tó bá dé ibẹ̀ ò lè ṣe nǹkan gidi. Ọmọ tó ti dé ipò yìí, ẹ lè kó gbogbo kápúsù tó wà ní ṣọ́ọ̀bù yín fún un, ibà yẹn ò ní lọ.

Kòkòrò wo ló ń fà á? Wọ́n pọ̀, àmọ́ ọ̀gá méjì ló wà ńbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni Streptococcus pneumoniae, pneumococcus làwọn dókítà máa ń pè é. Inú imú àti ọ̀fun àwọn ọmọ tí ara wọn dá ṣáṣá ló ń gbé, kò ní ṣe wọ́n ní nǹkan kan títí ọjọ́ tí ọ̀fìnkìn tàbí flu bá la ọ̀nà fún un. Lókè òkun, òun ló wà nídìí èyí tó pọ̀ jù nínú ọyún àyà àwọn ọmọdé. Ìkejì ni Staphylococcus aureus. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ariwo "staph" tí àwọn alágbo ń pa lórí rédíò pé ó ń jẹ́ kí obìnrin má lóyún tí ọkùnrin ò sì ní lè ṣe ojúṣe ẹ̀ o, ìyẹn ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn, inú sì máa ń bí mi tí mo bá gbọ́ ọ. Staph tèmi ń gbé lára awọ àti nínú imú, ó ń fa eéwo, tó bá sì bọ́ sínú àyà ọmọ, ó le ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Nílẹ̀ tiwa àti láwọn ilẹ̀ olóoru mìíràn òun la sábà máa ń bá, pàápàá lára àwọn ọmọ tí ò tíì pé ọdún méjì, àwọn tí measles ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀, àwọn tí oúnjẹ ò tó lára wọn, àti àwọn tí eéwo ti ń yọ lára wọn kí ikọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kò mọ̀ ju kó ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ kíákíá. Tẹ́ ẹ bá wo X-ray wọn, ẹ ó rí ihò afẹ́fẹ́ róbótó-róbótó nínú ẹ̀dọ̀fóró, ìkankan nínú ihò yẹn lè bẹ́ nígbàkigbà, kí afẹ́fẹ́ àti ọyún jọ kún àyà ọmọ lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn ni ẹ máa rí tí ọmọ tó ń jókòó jẹun láàárọ̀ ò ní lè mí mọ́ lọ́sàn-án.

Àwọn tó kù náà wà. Streptococcus pyogenes, tó ń fa ọgbẹ́ ọ̀nà ọ̀fun àti egbò ara, máa ń ṣe é, ó sì máa ń gorí ẹ̀yìn chickenpox wọlé. Haemophilus influenzae type b, tí wọ́n ń gé kúrú sí Hib, pọ̀ dáadáa láyé ìgbà kan, abẹ́rẹ́ àjẹsára ló ti lé e sẹ́yìn. Klebsiella àti Pseudomonas ẹ̀wẹ̀, ọmọ tó rù kan eegun tàbí ọmọ tó ti pẹ́ nílé ìwòsàn ni wọ́n sábà ń bá jà. Ikọ́ ẹ̀gbẹ sì wà, ìyẹn TB, òun ò ki ń kánjú, ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀ ni, ọmọ á máa rù, á máa làágùn lóru, omi tó ń wà ní àyà wọn sábà máa ń pọ́n bíntín láìnípọn, tẹ́ ẹ bá sì béèrè dáadáa ẹ ó gbọ́ pé bàbá àgbà tàbí ẹnì kan nínú ilé yẹn ti ń wúkọ́ tipẹ́. Oògùn tìyẹn yàtọ̀ pátápátá, olóṣù-olóṣù ni.

Mi ò fi orúkọ wọ̀nyí ṣe fáàrí. Oògùn wọn ò dọ́gba ni. Pneumococcus, ampicillin, amoxicillin tàbí ceftriaxone ṣì máa ń ká a tí wọ́n bá lò ó bó ṣe yẹ. Staph ní tiẹ̀ máa ń pèsè nǹkan kan tó ń já ampicillin àti amoxicillin sí wẹ́wẹ́, ẹ lè fún ọmọ ní ìgò márùn-ún, omi adùn lẹ fún un yẹn. Cloxacillin tàbí flucloxacillin ló ń bá a jà, àwọn staph kan tún wà tí ìyẹn pàápàá ò ràn, MRSA là ń pè wọ́n, àfi vancomycin tàbí clindamycin. Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ń sọ lọ́kàn ẹ̀ pé ṣebí cloxacillin wà nínú Ampiclox. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ ọmọ tó wọn kìlò 10, cloxacillin tí WHO, ìyẹn Àjọ Ìlera Àgbáyé, ní kí wọ́n gba ojú iṣan tàbí inú ẹran ara fún un jẹ́ 500mg ní gbogbo wákàtí 6, pẹ̀lú gentamicin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, tara ẹ̀ bá sì yá díẹ̀, wọ́n á yí i sí èyí tó ń mu lẹ́nu títí gbogbo ẹ̀ á fi pé ọ̀sẹ̀ 3. Ẹ gbé drop tẹ́ ẹ ń tà wò, kẹ́ ẹ ṣírò ẹ̀ fúnra yín.

Ọmọbìnrin kan wà tí wọ́n gbé dé ọ̀dọ̀ wa láti apá Ìkọ́lé lọ́hùn-ún, kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Ìyá ẹ̀, obìnrin tó mètò gan-an, kó gbogbo páálí oògùn tó ti lò sínú náìlọ̀n, ó tò wọ́n sórí bẹ́ẹ̀dì fún dókítà: oògùn ibà, Ampiclox, Septrin, oògùn ikọ́ tó ń mú ọmọ sùn, àti "mix" kan tí ò lórúkọ, funfun, pupa àti yẹ́lò nínú bébà. Kẹ́mísì mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ti rà wọ́n. Kò sẹ́ni tó ní kó gbé ọmọ lọ ilé ìwòsàn nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, oníkálukú kàn ń fi tiẹ̀ kún un ni. X-ray tí wọ́n yà, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún funfun báláú láti òkè délẹ̀. Dókítà ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, ọyún tó nípọn bí nǹkan míì ló wá. A gbé e lọ lábù, gbogbo wa ń retí kí wọ́n sọ kòkòrò tó wà ńbẹ̀ àti oògùn tó máa pa á. Èsì dé: kò sí nǹkan tó hù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń ká mi lára jù nìyí. Kì í ṣe pé kòkòrò ò sí níbẹ̀ o. Àntíbáyọ́tíìkì díẹ̀-díẹ̀ tó ti mu kó tó dé ọ̀dọ̀ wa ti rọ kòkòrò yẹn débi pé kò lè hù lórí àwo lábù mọ́, àmọ́ kò pa á tán nínú àyà ọmọ. Oògùn ààbọ̀ ò wo àrùn, ó kàn fi ọ̀daràn pamọ́ fún wa ni. Láwọn ìlú olówó, wọ́n ní ẹ̀rọ PCR tó lè mọ kòkòrò kódà tó bá ti kú, lọ́dọ̀ tiwa culture nìkan, ìyẹn kí wọ́n dúró kí kòkòrò hù lórí àwo, la sábà ń gbójú lé. Nítorí náà dókítà á wá máa fi òye yàn, á lo oògùn tó gbòòrò, tó gbówó lórí, fún ọjọ́ tó pọ̀, nígbà tó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé penicillin lásán ni kòkòrò yẹn fẹ́. Bàbá ọmọ yẹn ta ọ̀kadà ẹ̀. Ọmọ yè, ẹ fọkàn balẹ̀, ó ń sáré kiri nígbà tí wọ́n máa fi lọ. Ọ̀kadà ò sí mọ́ ṣá.

Mo tún fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí mix yẹn. Àwọn kan nínú yín máa ń fi dexamethasone tàbí prednisolone sí i, torí ó ń jẹ́ kí ara ọmọ tètè fúyẹ́, ìyá á wá máa yìn yín pé ọwọ́ yín dáa. Òótọ́ ni, ibà á lọ sílẹ̀ fúngbà díẹ̀, ọmọ á jẹun. Ọyún ń kún lọ lábẹ́lẹ̀. Oògùn ikọ́ olóorun náà, promethazine àti ìyekan ẹ̀, ọmọ tí ò rí èémí mí dáadáa lẹ tún ń fi oorun kùn. Gentamicin ńkọ́? Mo mọ̀ pé abẹ́rẹ́ yẹn ò wọ́n, ó sì rọrùn gún. Gentamicin nìkan ò ka pneumococcus sí, inú ọyún gan-an ni agbára ẹ̀ ti ń dín kù jù, tí wọ́n bá sì ṣì í lò, ó lè ba kíndìnrín jẹ́, ó lè di etí ọmọ. Ẹ mọ òfin ju èmi lọ, ẹ mọ̀ pé láísẹ́ńsì tí PCN, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó oògùn títà ní Nàìjíríà, fún yín ò fàyè gba abẹ́rẹ́ gígún rárá, kò sì fàyè gba oògùn tó jẹ́ pé ìwé dókítà ni wọ́n fi ń tà á. Mi ò fẹ́ fa ìyẹn gùn, torí gbogbo wa la mọ bí nǹkan ṣe ń lọ nílùú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tá à ń ṣe fún wọn, torí mo ti gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ fún ìyá ọmọ pé tó bá dé ọ̀hún wọ́n á la àyà ọmọ ẹ̀, obìnrin náà sì sá padà sílé. Irọ́ ni. Èyí tó pọ̀ jù lára wọn ò nílò kí wọ́n la ohunkóhun. Tí ọmọ bá dé, wọ́n á wọn ọ́síjìn ara ẹ̀ pẹ̀lú nǹkan kékeré tí wọ́n ń fi há ìka, tó bá wà lábẹ́ 90 wọ́n á fún un lọ́síjìn. Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ fún lábù kí oògùn tó wọlé. X-ray, lẹ́yìn náà scan àyà, scan ló ń fi hàn bóyá omi lásán ni tàbí ó ti di yàrá-yàrá. Tó bá jẹ́ omi díẹ̀, tí ọmọ ò sì fi bẹ́ẹ̀ ni ín lára, oògùn ojú iṣan nìkan lè tó. Tó bá jẹ́ ọyún, tàbí tí omi pọ̀ débi tí kò jẹ́ kó mí, wọ́n á pa ibẹ̀ kú lábẹ́ apá, wọ́n á ki ròbà kan bọ̀ ọ́ láàárín egungun ìhà méjì, ìdí ròbà náà á wà nínú ìgò olómi tó wà nílẹ̀.

Ìgò yẹn máa ń dẹ́rù ba àwọn ìyá, wọ́n á ní kí ló dé tí ẹ so ọmọ mi mọ́ ìgò. Iṣẹ́ tí omi inú ẹ̀ ń ṣe ni pé ó ń jẹ́ kí ọyún àti afẹ́fẹ́ jáde, kò sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ìta wọlé padà sí àyà. Dókítà ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Gotthard Bülau, ní Hamburg, ló kọ nípa ẹ̀ ní 1891, a ò sì tíì rí ohun tó rọrùn tó sì pójú owó jù ú lọ. Nígbà tí flu ńlá ti 1918 ń pa àwọn sójà Amẹ́ríkà, wọ́n ń la àyà wọn sílẹ̀ gbayawu kí ọyún lè dà jáde, wọ́n ń kú bí ẹ̀fọn, ìgbà tí ìgbìmọ̀ kan tí dókítà oníṣẹ́ abẹ kan, Evarts Graham, wà nínú ẹ̀ ní kí wọ́n má tètè là á mọ́, kí wọ́n kọ́kọ́ máa fà á jáde láìjẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọ̀ ọ́, ni ikú yẹn tó dín kù gan-an. Àwa nọ́ọ̀sì ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ìgò náà ga ju àyà ọmọ lọ, torí omi lè ṣàn padà sínú. Tó bá sì ń hó, a ò ní há ròbà ẹ̀ pa láéláé, afẹ́fẹ́ tí ò ríbi jáde lè pa ọmọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ ò rí i pé iṣẹ́ ọ̀sán-òru ni, kì í ṣe kí wọ́n ki ròbà kí oníkálukú lọ sùn.

Ọyún tó ti di yàrá-yàrá, oògùn kan wà tí wọ́n ń gba inú ròbà fún un láti tú àwọn fọ́nrán yẹn, urokinase tàbí alteplase, ọjọ́ 3 ni wọ́n sábà ń lò ó. Láwọn ìlú òyìnbó òun ni wọ́n ń lò, tàbí kí wọ́n gba ihò kékeré fi kámẹ́rà wọlé lọ gbá a mọ́. Lọ́dọ̀ wa oògùn yẹn wọ́n bí ojú, kò sì wà níbi gbogbo, torí náà ọmọ tó bá pẹ́ kó tó dé ni wọ́n ń wá iṣẹ́ abẹ ńlá fún nígbẹ̀yìn. Ẹ rí ibi tí pípẹ́ ń mú wa dé. Ọmọ tó tètè dé, ròbà àti oògùn ti tó. A ó ní kó máa rìn kiri wọ́ọ̀dù pẹ̀lú ìgò ẹ̀ lọ́wọ́ ìyá ẹ̀, ká ní kó máa fẹ́ bàlúù kí ẹ̀dọ̀fóró lè là, wọ́n fẹ́ràn ìyẹn gan-an, ariwo bàlúù tó ń bẹ́ ni gbogbo wọ́ọ̀dù á gbà kan. Tí ibà bá lọ tí ròbà ò sì fa nǹkan mọ́, wọ́n á yọ ọ́, ọmọ á gba oògùn ẹnu lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí i. Èyí tó wú mi lórí jù ni pé ẹ̀dọ̀fóró ọmọdé máa ń padà bọ̀ sípò ju ti àgbà lọ. Láàárín oṣù 3 sí 6, X-ray èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti mọ́. Àìsàn tó ṣeé wò pátápátá ni, kò yẹ kó máa pa wá lọ́mọ.

Ó yá, ní ṣọ́ọ̀bù yín, kí lẹ máa wò? Ẹ ò nílò ẹ̀rọ kankan, àfi fóònù yín tó ní aago. Kẹ́ ẹ tó mú páálí sílẹ̀, ẹ ní kí ìyá ṣí aṣọ ọmọ sókè dé ọrùn nígbà tí ọmọ ò sunkún, kẹ́ ẹ ka bí ikùn àti àyà ẹ̀ ṣe ń gòkè fún odindi ìṣẹ́jú kan, ẹ má ka ààbọ̀ kẹ́ ẹ wá sọ ọ́ di méjì. Ọmọ tí ò tíì pé oṣù 2, tó bá ti tó 60, ó ti yára jù. Láti oṣù 2 títí di oṣù 11, tó bá tó 50. Láti ọdún 1 títí kó tó pé ọdún 5, tó bá tó 40. Ẹ wo ìsàlẹ̀ àyà ẹ̀ níbi tí egungun ìhà parí sí, ṣé ó ń wọ inú nígbà tó bá mí sínú? Ṣé ihò imú ẹ̀ ń fẹ̀? Ṣé ó ń kérora, ṣé ètè ẹ̀ ń ṣú, ṣé ò lè mu ọmú tàbí omi mọ́, ṣé ó ń sùn jù? Ọ̀kan ṣoṣo nínú wọ̀nyí, ẹ má tà á ní nǹkan kan, ilé ìwòsàn ni, lálẹ́ yẹn.

Àmọ́ ọmọ tó ń mí kíákíá nìkan láìsí èyíkéyìí nínú àwọn àmì tó kù, tó ti lé ní oṣù 2, ẹ ní kí wọ́n gbé e lọ sí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà, amoxicillin tó ń yọ́ nínú omi ni wọ́n á fún un, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọjọ́ 5. Ẹ bá wa sọ fún ìyá pé kó lò ó tán o, kó má fi ìyókù pamọ́ fún àbúrò.

Èyí wá ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn jù: ọmọ tó ti ń lo àntíbáyọ́tíìkì tó dáa fún wákàtí 48 tí ibà ò sì lọ, tàbí tí èémí ẹ̀ ń le sí i, ẹ má pààrọ̀ oògùn fún un. Ẹ má fi Septrin kún un, ẹ má sọ pé ó lè jẹ́ taifọ́ọ̀dù. Wọ́n gbọ́dọ̀ wo àyà ẹ̀ bóyá omi tàbí ọyún ti wà ńbẹ̀. Àwọn ọmọ yìí máa ń fẹ́ fi ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo sùn, ẹ̀gbẹ́ tó ń dùn wọ́n gan-an ni wọ́n ń fi dùbúlẹ̀. Àwọn míì ò ní mẹ́nu ba àyà rárá, inú ni wọ́n á ní ó ń dun àwọn, torí ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró sún mọ́ ikùn, ẹ̀yin á wá ta oògùn aràn. Ọmọ tó ní ibà, tó ń mí kíákíá, tó ní inú ń dun òun, ẹ wo àyà ẹ̀ kẹ́ ẹ tó wo inú.

Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ jẹ́ SS, ẹ má tiẹ̀ ka ohunkóhun, ẹ ní kí wọ́n máa gbé e lọ. Pneumococcus ò ki ń fi tiwọn ṣeré.

Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Penta tí Hib wà nínú ẹ̀, àti PCV tó wà fún pneumococcus, ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10 àti ọ̀sẹ̀ 14 ni wọ́n ń gba méjèèjì, ti measles ní oṣù 9 àti oṣù 15. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà ìjọba. Ìparí 2014 ni PCV bẹ̀rẹ̀ sí í wọ Nàìjíríà díẹ̀díẹ̀, torí náà àwọn ìyá tí ọmọ wọn àkọ́kọ́ ti dàgbà lè má mọ̀ ọ́n. Ẹ bi wọ́n léèrè káàdì. Ìyá tó bá wá ra pampers lọ́dọ̀ yín náà, ẹ bi í. Kò sí àjẹsára fún staph ní tiẹ̀, ìmọ́tótó, oúnjẹ àti kí wọ́n tètè tọ́jú eéwo ló wà fún ìyẹn.

Mo mọ ohun tẹ́ ẹ máa fèsì. Ẹ ó ní tẹ́ ẹ bá lé oníbàárà lọ, ẹlòmíì ní òdìkejì títì á tà fún un. Òótọ́ ni, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sí gbogbo ẹgbẹ́, tí mi ò kọ ọ́ sí ẹnì kan. Tẹ́ ẹ bá jọ fẹnu kò pé kò sẹ́ni tó máa ta àntíbáyọ́tíìkì fún ọmọ tó ń mí gúlegúle láti Ìkẹ́rẹ́ dé Mọbà, ìyá yẹn ò ní rí òdìkejì títì sá lọ. Ẹ ó ní ilé ìwòsàn jìnnà, ọ̀nà ò dáa, mọ́tò ò sí lóru. Mi ò lè jiyàn, mo mọ ọ̀nà wa. Ilé ìwòsàn tó lè ki ròbà bọ àyà ọmọ ò sí nítòsí gbogbo ìlú, EKSUTH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ìpínlẹ̀ wa, wà l'Ádó, Federal Teaching Hospital wà n'Ídó, ẹni tó wà l'Ómùò tàbí l'Ẹ́fọ̀n á rìn kó tó débẹ̀. Ìjọba ni kó wá dáhùn ìyẹn, èmi náà á máa pariwo sí wọn lọ́tọ̀. Àmọ́ bí ọ̀nà bá ṣe jìn tó ni ọmọ ṣe gbọ́dọ̀ tètè gbéra, ẹ̀yin lẹ sì kọ́kọ́ ń rí i. Ẹ gba nọ́ńbà ọlọ́kadà tàbí oní mọ́tò méjì tó ń gbé nítòsí yín tó máa ń jí lóru, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri. Kí ìyá gbé ọmọ náà jókòó ṣánṣán lórí itan ẹ̀, kó má dùbúlẹ̀, kó máa fún un lọ́mú díẹ̀díẹ̀ tó bá lè mu ún, kó má sì da òróró tàbí àgbo sí ọmọ tó ń wúkọ́ lẹ́nu.

Bébà náà o! Tẹ́ ẹ bá ti fún ọmọ ní ohunkóhun, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: orúkọ oògùn, bó ṣe pọ̀ tó, ọjọ́ àti aago tẹ́ ẹ fún un. Kódà tó bá jẹ́ mix, ẹ kọ nǹkan tó wà nínú ẹ̀. Ẹ má bẹ̀rù pé ẹnì kan máa fi mú yín, èmi tí mo bá gbà á, mi ò ní béèrè orúkọ ṣọ́ọ̀bù. Ìlà méjì yẹn lè sọ fún dókítà ìdí tí lábù ò fi rí nǹkan, àti oògùn tí kò yẹ kó tún fi ọjọ́ ṣòfò lé lórí.

Àwọn alága yín ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, mo mọ̀ pé ẹ máa ń ṣèpàdé. Ẹ fún mi ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nínú ẹ̀, mi ò gba owó mọ́tò, n ó wá fi bí wọ́n ṣe ń ka èémí hàn yín, a ó fi fídíò àwọn ọmọ tó ń mí dáadáa àti àwọn tí ò mí dáadáa dánra wò, ẹnikẹ́ni tó bá sì fẹ́ bá mi jiyàn lórí Ampiclox, ààyè wà. Ẹ kàn jẹ́ kí n tètè mọ ọjọ́ náà, kí n lè bá ẹnì kan pààrọ̀ ṣífíìtì.

Èmi ni tiyín,
nọ́ọ̀sì kan ní wọ́ọ̀dù ọmọdé, ọmọ Èkìtì